Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá balẹ̀ sí ni òfin rẹ̀ wà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn oníṣòwò sọ ní Kàbà

Òkun o! Mo tún un sọ, òkun o! Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ jókòó níwájú, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ìyálọ́jà àti gbogbo ẹni tó bá yín wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìyárà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀nà sílẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mo rí i pé ẹ ń fi fóònù pamọ́ nígbà tí mo dìde. Ẹ má fi pamọ́ o. Fóònù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bá wí.

Olóòtú ti sọ fún yín pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí oníṣòwò ibí ṣe lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà tó wà lókè òkun, tí kò ní rú òfin, tí ọjà á sì tún tà. Bí mo ṣe ń wọlé, bàbá kan fà mí lápá, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tẹ́ẹ̀sì lásán náà, ṣé òfin tún wà fún un ni?"

Bàbá, òfin wà. Kẹ́ ẹ sì tó bi mí pé kí nìdí, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Ta ni nínú wa tí tẹ́ẹ̀sì ìpolówó ò tíì jí lójú oorun rí? O rò pé ọmọ rẹ ló ń wá ọ láti Àbújá, o sáré gbé fóònù, wọ́n ní kó o wá tẹ nọ́ńbà kan kó o lè jẹ mọ́tò. Báwo ló ṣe rí lára rẹ? Láti 2016 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù nílẹ̀ yìí, ti ń sọ fún wa pé ẹni tọ́rọ̀ náà bá ti sú, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fi ránṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oníbàárà yín tó wà ní Houston náà ní ohun tó ń fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ irú wàhálà yẹn, tiẹ̀ sì le ju 2442 lọ fíìfíì.

Òfin ta la ń tẹ̀lé?

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń taṣọ, tó ń ta kajú, tó ń ta èlùbọ́ sókè òkun ni pé, "Kàbà ni mo wà, òfin Nàìjíríà ló mú mi." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí fóònù ẹni tó gbà á wà ni òfin wà. Tí fóònù bá dún ní Toronto, òfin Kánádà ni. Tó bá dún ní Manchester, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa wà. Ní 1991 ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Telephone Consumer Protection Act, TCPA ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ẹ wò ó o, wọn ò tíì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ránṣẹ́ rí láyé nígbà yẹn. Oṣù Kejìlá 1992 ni Neil Papworth fi "Merry Christmas" ránṣẹ́ sí fóònù Vodafone kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni àkọ́kọ́. Nítorí ìpè orí fóònù ni wọ́n ṣe ṣòfin náà, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wá dé, wọ́n ní òun náà wà níbẹ̀. Kí ni òfin náà sọ? Tó o bá fẹ́ fi ẹ̀rọ máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí fóònù èèyàn, gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lákọsílẹ̀ ná. Tó ò bá gbà á, ẹni náà lè pè ọ́ lẹ́jọ́, 500 dọ́là ni lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Tí adájọ́ bá rí i pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni, ó lè sọ ọ́ di 1,500. Lórí ẹyọ kan o! Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn, kẹ́ ẹ wá ṣírò rẹ̀: 50,000 dọ́là, ká má tíì sọ ti ìmọ̀ọ́mọ̀.

Kánádà ní tiwọn, CASL, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2014. Owó ìtanràn tiwọn lè dé mílíọ̀nù 10 dọ́là Kánádà fún iléeṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tí wọ́n ń pè ní PECR láti 2003, àjọ ICO ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ti bu owó ìtanràn lé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lórí.

Mo rí i tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé, "Ta ni yóò ti Ottawa wá mú mi ní Kàbà?" Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Àmọ́ ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ yín máa ń dá fò lọ ni? Ó ní iléeṣẹ́ tó ń bá yín gbé e, irú Twilio. Iléeṣẹ́ yẹn náà á gbé e fún nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní jẹ́ kí ìpolówó tí ẹnikẹ́ni ò béèrè gba ọwọ́ àwọn kọjá. Tí ẹjọ́ bá ti ń dé, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa wá, wọ́n á kàn tilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní agbègbè wa níbí ń ta kajú yíyan, kajú rẹ̀ dáa, ó ní oníbàárà gidi tó ń fowó ránṣẹ́ láti Maryland. Ẹnì kan wá ta nọ́ńbà rẹpẹtẹ fún un, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Èyí tó dùn ún jù kọ́ ni ìpolówó tí kò lọ. Àwọn oníbàárà tó ti sanwó, tí wọ́n ń retí ìròyìn ẹrù wọn, kò rí wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n rò pé ó ti kówó wọn lọ ni. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti kí ọlọ́pàá wá mú un?

Ìyọ̀ǹda: ìwé àlejò kan ní Ògìdì

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹ mọ̀ pé tí ọdún bá dé ní Ògìdì, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń wálé, wọ́n sì máa ń mú àwọn ọ̀rẹ́ wọn aláwọ̀ funfun dání. Wọ́n á yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń hun aṣọ. Ìyá kan níbẹ̀ ní ìwé àlejò, ìwé aláwọ̀ búlúù lásán táwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ìyá gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Gbogbo nọ́ńbà tí mo ní rèé. Bá mi fi ránṣẹ́ sí wọn pé aṣọ tuntun ti dé."

Mo ṣí i. +1, ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, pọ̀ níbẹ̀, +44, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé iṣẹ́ yìí rẹwà, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín. Ẹlòmíì kàn fọwọ́ sí i. Mo wá bi ìyá pé, "Ìyá, ta ló rà nínú wọn?" Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí, àmọ́ orí ìyá pé! Wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ra méjì, èyí ná an kò rà á, èyí kàn ya fọ́tò, èyí jẹ mí ní gbèsè.

Ṣé nọ́ńbà tí èèyàn kọ sínú ìwé àlejò jẹ́ ìyọ̀ǹda? Rárá o. Ó kí ọ ni, kò ní kó o máa polówó fún òun.

Ẹ wá wo bí àwọn òfin yẹn ṣe pín ìwé kan náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ará Toronto tó ra méjì: òfin Kánádà ní ọjà tó rà yẹn dúró fún ìyọ̀ǹda fún ọdún 2. Ará Toronto tó béèrè iye tí kò rà: oṣù 6 péré. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹfà ló béèrè, tí irú ọjọ́ yẹn bá ti pé nínú oṣù Kejìlá, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ yín àti bí wọ́n ṣe lè bá yín sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ní ó tó. Ará Manchester tó rà ńkọ́? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kẹ́ ẹ polówó irú ọjà kan náà fún ẹni tó ti rà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ó ní láti jẹ́ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ gan-an lẹ ti fún un láyè láti kọ̀. Ṣé ìyá fún un láyè? Ìyá kò mọ̀. Nítorí náà, ti Manchester lọ nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà, àfi kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gba ìpolówó.

Ìyá bínú. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ pé gbogbo ìwé yìí ò wúlò ni? Mo ní ìyá, èyí tó wúlò nínú rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí àwọn yẹn, ká fi ìyókù sílẹ̀, ká wá tún ìwé fà fún ọdún tó ń bọ̀. A fà á. Orúkọ, nọ́ńbà, ìlú tó ń gbé, ohun tó rà, ọjọ́. Lẹ́yìn náà àpótí kékeré kan tí ẹni náà fúnra rẹ̀ máa fi gègé sàmì sí, ìyá ò gbọ́dọ̀ bá a sàmì sí i. Ohun tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyí: "Mo gbà kẹ́ ẹ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ nípa aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí mi, kò ní ju méjì lọ lóṣù. Nẹ́tíwọ̀kì mi lè gbowó lórí rẹ̀. Mo lè fi STOP dá a dúró nígbàkígbà. Bí mi ò bá gbà, ẹ ṣì máa tà fún mi." A kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn àlejò. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì: ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún ará Amẹ́ríkà pé àfi tó bá gba ìpolówó kẹ́ ẹ tó tajà fún un.

Ìwé yẹn fúnra rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Nàìjíríà náà ti ní òfin ààbò lórí dátà láti 2023. Nọ́ńbà èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń yá aládùúgbò. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta nọ́ńbà fún yín, ẹ lé e lọ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì láti sọ lórí ìyẹn.

Nígbà tí oníbàárà bá ní ó tó ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin 2025, òfin Amẹ́ríkà ní ọ̀nà yòówù tó bá mọ́gbọ́n dání tí ẹni náà bá fi sọ ọ́ lẹ gbọ́dọ̀ gbà, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró kí ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó pé. Kì í ṣe STOP nìkan. Ẹ̀rọ mọ STOP, kò mọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ fi mí sílẹ̀." Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ka èsì. Ẹ yan ọmọ kan nílé tó máa jókòó tì í.

Aago ta lẹ ń wò?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Kàbà, ẹ ti jẹ àkàrà tán, ara yín ti yá, ẹ wá fi ìpolówó ránṣẹ́. Lásìkò ooru wọn, aago mẹ́ta òru ni ní New York. Aago méjì òru ni ní Houston. Ẹni tó gbọ́ fóònù láago yẹn, ó rò pé wọ́n ti kú nílé ni! Ẹ̀rù á bà á, ó máa wò ó, ó máa rí i pé ẹ̀gúsí ti dé.

Òfin Amẹ́ríkà ní láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni, aago ẹni tó gbà á ló sì ń wò, kì í ṣe tiyín. Florida ní aago mẹ́jọ alẹ́ ló parí. Faransé ò fẹ́ ìpolówó lọ́jọ́ Àìkú rárá. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń yí aago tiwọn padà ní wákàtí kan, àwa kì í yí tiwa. Ẹ̀tàn míì tún wà níbẹ̀: nọ́ńbà lè jẹ́ ti Houston kí olówó rẹ̀ ti kó lọ sí California. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ "ìlú tó ń gbé" sínú ìwé ìyá.

Ẹni tí kò bá fẹ́ máa ṣírò lójoojúmọ́, kó lo aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Kàbà. Nígbà òtútù, aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù ní Los Angeles, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní London. Nígbà ooru, mẹ́sàn-án àti márùn-ún. Yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, kò sígbà tí kò dáa nínú ọdún, àfi tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà ní Hawaii tàbí Alaska.

Nọ́ńbà àti orúkọ

Abèèrè kì í ṣìnà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún nọ́ńbà kankan tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín á máa ti orí rẹ̀ jáde, ẹ béèrè ohun tí orílẹ̀-èdè yẹn ń fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà onídíjíìtì 10 tẹ́ ẹ bá gbà ò lè gbé ìpolówó àfi tẹ́ ẹ bá ti forúkọ òwò yín àti irú àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi ránṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ The Campaign Registry. 10DLC ni wọ́n ń pe ètò náà. Iléeṣẹ́ tó ń bá yín gbé àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa bá yín ṣe é. Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n dá ti àwọn èèyàn wa padà kì í ṣe nǹkan ńlá. Orúkọ tó wà níwèé CAC ò bá èyí tí wọ́n kọ mu, tàbí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà èèyàn ṣe, tàbí wọn ò fi hàn bí wọ́n ṣe gba ìyọ̀ǹda. Ẹ rí i pé ìwé ìyá tún wọ inú ọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi orúkọ ìsọ̀ yín dípò nọ́ńbà, kó má ju lẹ́tà 11 lọ. OgidiAsoOke, ẹ kà á, 11 géérégé ni. Ó máa ń dùn mọ́ni láti rí orúkọ ẹni lójú fóònù oníbàárà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fèsì sí orúkọ. Báwo ló ṣe máa wá fi STOP ránṣẹ́? Àfi kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà míì tàbí línkì tó lè fi kúrò sínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Singapore tiẹ̀ ti lọ jìnnà: láti oṣù Kìíní 2023, orúkọ tí wọn ò bá forúkọ sílẹ̀, "Likely-SCAM" ni fóònù máa kọ sí i lórí. Mo mọ̀ pé ẹ ò tajà dé Singapore. Mo kàn ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ayé ń lọ ni.

Kíkọ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àmọ́ ó máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àlàfo náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwa Yorùbá ló kàn. 160 yẹn, fún lẹ́tà tó wà nínú àkójọ tí fóònù mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò, ù wà níbẹ̀. É wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú ò sí. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀ rárá. Àmì náírà ò sí, ti dọ́là àti pọ́n-ùn wà. Ẹyọ ẹ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi sí i, 160 di 70. Tó bá sì kọjá 70, wọ́n á pín in sí 67, 67, wọ́n á gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: "OgidiAsoOke: Aso tuntun ti de, pupa ati dudu, $85 titi de ile. E fesi PUPA tabi DUDU. STOP lati da a duro." Lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ jẹ́ 106, owó ẹyọ kan ni. Ẹ wá fi àmì sí i bó ṣe yẹ, owó ẹyọ méjì ni. Èmi ò ní kẹ́ ẹ máa kọ Yorùbá láìsí àmì o, ojú máa ń tì mí tí mo bá rí i. Sí oníbàárà tó mọyì rẹ̀, mo máa ń san owó méjì náà. Ẹ kàn mọ ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Àmì ìfàyọ tó tẹ̀ kọdọrọ, èyí tẹ́ ẹ dà kọ láti inú kọ̀ǹpútà, òun náà máa ń dá irú gbèsè yẹn sílẹ̀, ìyẹn ò sì ní ẹwà kankan nínú.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àpẹẹrẹ yẹn. Orúkọ ló ṣáájú, torí fóònù Amẹ́ríkà ò ní fi í hàn fún yín. Ohun kan ṣoṣo ló wà fún títà. Iye rẹ̀ wà ní owó tiwọn, títí dé ilé, kí ẹnikẹ́ni má máa bẹ̀rù owó ìfiránṣẹ́. Èsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń pariwo, ẹ má sì fi línkì kúkúrú irú bit.ly sí i, ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì ti rí tàwọn onígbájú-ẹ̀ jù níbẹ̀, ó máa ń dí i.

Ìbéèrè kan

Ìyá kan láti Ìsánlú dìde. Wọ́n ní oníbàárà àwọn ní Chicago ti fi STOP ránṣẹ́, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó pè wọ́n fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ aṣọ fún ìgbéyàwó ọmọ òun. Ṣé káwọn máa fi ìròyìn ẹrù ránṣẹ́ sí i lórí fóònù?

Ìyá, ìròyìn ẹrù tó fowó ara rẹ̀ rà kì í ṣe ìpolówó. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti fi STOP ránṣẹ́ ni ẹ̀rọ ti dí nọ́ńbà yẹn mọ́ ọn, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ ò ní dé. Ẹ pè é lẹ́nu, kẹ́ ẹ sọ fún un pé tó bá ń fẹ́ ìròyìn ẹrù nípa tẹ́ẹ̀sì, kó fi START ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà. Tí kò bá fẹ́, ẹ máa pè é tàbí kẹ́ ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́. Tó bá sì fi START ránṣẹ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi "aṣọ míì tún ti dé o" gùn ún lẹ́yìn. Ẹrù ìgbéyàwó yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ sọ, títí á fi sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun tún fẹ́ máa gbọ́ tọjà. Kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ní àwọn máa pè é lálẹ́ òní. Mo bi wọ́n pé aago mélòó. Wọ́n ní aago méje. Mo ní ó dáa, ọ̀sán ni ní Chicago.